Ta Ló Ń Gbin Orí Ọfà Sínú Oko?

Òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi rin gbingbin. Nígbà tó dá, tí oòrùn sì yọ, Ardith ti ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà ọkọ rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀ tó kan ìṣó mọ́ lẹ́nu, ó gba ọ̀nà oko etídò lọ. Gbogbo ará ìlú kékeré yẹn ló mọ̀ ọ́n mọ́ ìwà yìí. Bí òjò bá ti dá, tí katakata sì ti tú ilẹ̀, àwọn obìnrin yòókù á máa sá aṣọ sóòrùn, Ardith á máa rìn láàárín poro, ojú rẹ̀ á wà nílẹ̀ bíi ti adìẹ tó sọ ọmọ nù. Orí ọfà ló ń wá. Àwọn ará ìgbàanì tó gbé etí odò Arkansas yìí rí, òkúta ni wọ́n ń gbẹ́ ṣe orí ọfà. Wọ́n fi ta àgbọ̀nrín, wọ́n fi jagun, ó bọ́ sílẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ilẹ̀ sì gbé e mì. Bí irin katakata bá tú u síta, tí òjò sì fọ erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa retí ẹni tí yóò rí i.

Láti ìgbà tí Ardith ti wọlé ọkọ ló ti ń ṣe é. Ògiri pálọ̀ wọn kún fún àpótí pẹlẹbẹ onígíláàsì, ó sì tẹ́ òwú funfun sínú wọn kó tó to orí ọfà lé e lórí: pupa, funfun, èyí tó dúdú bí èédú, gígùn bí ìka, kékeré bí èékánná ọmọ ọwọ́. Bí àlejò bá dé, kó tó fún un lómi ni yóò ti mú un lọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, kò tíì rìn jìnnà tí nǹkan fi kọ yànràn lójú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté ẹ̀wà sóyà ọdún tó kọjá. Ó fi ìṣó tọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Orí ọfà ni lóòótọ́. Ẹnu rẹ̀ mú ṣóṣóró, ó ní èjìká méjì, wọ́n sì fá ìdí rẹ̀ wọnú díẹ̀ níbi tí okùn máa ń gbà mú un mọ́ igi. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni. Nígbà tí Ardith gbé e sókè, oòrùn là á já.

Ìgò ni. Ìgò ọtí lásán, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jù láti ojú fèrèsé mọ́tò. Lẹ́tà méjì ṣì kù lára rẹ̀, nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ìdí ìgò.

Ardith yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Kò sẹ́nì kankan lóko náà àfi ẹyẹ lékeléke tó ń ṣa kòkòrò. Àwọn tó gbẹ́ ọfà lórí ilẹ̀ yìí ti kú kí wọ́n tó gbọ́ pé nǹkan kan ń jẹ́ ìgò ọtí. Ta wá ni? Ó rò ó, kò yé e. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ló rántí pé òun ní ọkọ.

Delmer, ọkọ rẹ̀, ń gbẹ́ orí ọfà. Ìyàwó ń wá ti àtijọ́, ọkọ ń ṣe tuntun. Abẹ́ igi pékáànì ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jókòó sí, lórí garawa tó dojú dé, awọ màlúù tó nípọn á wà lórí itan rẹ̀. Á fi ìwo àgbọ̀nrín lu òkúta kó fọ́ sí pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn náà á mú bàbà ṣóṣóró tó fi igi dì, á máa tẹ etí òkúta náà, èérún á máa já bọ́ ní wẹ́wẹ́, tí-tí-tí, bí ìpẹ́ ẹja. Látìbẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó wọn ni wọ́n ti fi òfin kan lélẹ̀ láàárín ara wọn: gbogbo èyí tí Delmer bá gbẹ́, kó ha lẹ́tà D sí i nídìí, kí tuntun má baà dà pọ̀ mọ́ ti àtijọ́.

Ardith délé, ó ju orí ọfà ìgò náà sórí awọ màlúù tó wà lórí itan ọkọ rẹ̀.

"Kí ló tún dé, ìyá ọlọ́fà?" ni Delmer bi í.

"Ìwọ ni kó o sọ fún mi. Inú oko ni mo ti rí i."

Delmer bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ etí orí ọfà náà wò láti òkè délẹ̀.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

"Delmer, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Èmi kẹ̀? Wo etí ẹ̀, Ardith. Wo bó ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn bí eyín ẹja. Tí mo bá mọ irú iṣẹ́ yìí í ṣe, ṣé abẹ́ igi yìí ni wàá ti bá mi? Ìgò tún le ju òkúta lọ o. Bó o bá ṣìṣe báyìí, ó parí."

"Ta ló tún wà ní ìlú yìí tó ń gbẹ́ ọfà, yàtọ̀ sí ìwọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ì bá ti di ọ̀rẹ́ mi."

"Bó o ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn ni mi ò fi gbà ẹ́ gbọ́."

"Ojú mi ni, wọ́n bí i mọ́ mi ni. Wò ó, kò ní lẹ́tà D nídìí."

"Ìyẹn gan-an ni mo fura sí," ni Ardith wí. "Olè wo ló ń kọ orúkọ síbi tó ti jalè?"

Ó mú orí ọfà náà padà, ó wọlé. Kò tò ó sínú àpótí, kò sì jù ú nù. Ó gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ ìfọbọ́, bó bá sì ń fọ abọ́, á máa wò ó.

Òjò tún rọ̀, ó tún lọ sóko, ó tún rí òmíràn. Èyí funfun báláú, ó ń dán, ó tutù lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé òkúta àtàtà kan tí òun kò tíì rí rí ni. Ó sáré gbé e wálé. Delmer wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rín pa á dé ibi pé ó dìde lórí garawa rẹ̀.

"Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni," ló wí nígbà tó rí èémí mí.

"Àwo kí ni?"

"Àga ìgbọ̀nsẹ̀, Ardith! Àwo funfun tí èèyàn ń jókòó lé. Tó bá fọ́, àwọn agbẹ́fà máa ń ṣa á. Ó ṣeé gbẹ́ dáadáa. Ọlọ́run mi! Ẹnì kan fi àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ta ẹ́ lọ́fà!"

Ardith kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bó o. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀wà àti ilá tó sè kò kan Delmer. Búrẹ́dì àgbàdo àná, tó ti gbẹ, ló gbé síwájú rẹ̀. Delmer jẹ ẹ́ láìwí nǹkan, ó ń fi omi tì í, ó sì ń búra láàárín òkèlè. Ó fi orí ìyá rẹ̀ búra. Ó fi ajá rẹ̀ tó ti kú búra. Ardith kò mọ èyí tí òun yóò gbà gbọ́, nítorí pé Delmer kì í purọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ ju oúnjẹ lọ, àti pé láàárín irọ́ àti ẹ̀fẹ̀, ta ló mọ ibi tí ààlà wà?

Ọ̀ràn náà ì bá mọ síbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé èrò kan wọ Ardith lọ́kàn bó ṣe ń gbá pálọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn àpótí lára ògiri. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá lè gbin orí ọfà ìgò sóko náà, kí ló ní kó má gbin ti òkúta? Láti ìgbà wo? Bó bá jẹ́ pé láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ lẹ́nì kan ti ń lọ ṣíwájú rẹ̀, tó ń jù wọ́n sílẹ̀, tí òun sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tí òun ń ṣa á bí adìẹ tí wọ́n ń ju àgbàdo sí ńkọ́?

Ó sọ gbogbo àpótí náà kalẹ̀ lójú ọ̀sán gangan. Ó kó orí ọfà tò sórí tábìlì ìjẹun, ó mú awò tí ń sọ kékeré di ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ. Èyí pupa yìí, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú ló rí i. Ó ti sá kúrò láàárín àwọn ẹlẹ́kún lọ sóko láti lọ dá sunkún, ó sì bá a nílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Èyí gígùn, ọjọ́ tí omi odò ya bo ilé ni, tó sì fà. Bó ṣe ń wò wọ́n ni wọ́n ń yí padà lójú rẹ̀. Èyí tó ti mọ̀ sí ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà bíi tuntun. Èyí tó fura sí bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ojúlówó. Nígbà tó ṣe, òkúta lásán ni gbogbo wọn wá dà lójú rẹ̀, kò mọ orí, kò mọ ìdí.

Delmer wọlé wá mumi, ó bá a níbẹ̀, àánú sì ṣe é.

"Ardith, gbọ́. Òkúta tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń yàtọ̀. Ara ẹ̀ á ti dán kúlúkúlú, erùpẹ̀ á ti wọ ojú àpá ẹ̀. Wo èyí. Kò sẹ́ni tó lè ṣe irú eléyìí."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Àfi tí èèyàn bá rì í sínú tíì gbígbóná, kó wá kó o sínú àpò erùpẹ̀, kó máa mì í..."

"Delmer!"

"Mi ò sọ pé ẹnì kankan ṣe é o! Mo kàn ní ó ṣeé ṣe ni."

Ardith fi orí lé tábìlì. Ẹni tó wá tu èèyàn nínú tún fi tirẹ̀ kún un. Delmer dúró tì í, ó gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó rọra bá a kó àwọn orí ọfà padà sínú òwú. Ó ń tò wọ́n sí ibi tí kì í ṣe ibi wọn, Ardith kò sì bá a wí.

Coy ló tú àṣírí ọ̀ràn náà. Onílẹ̀ ni Ardith àti ọkọ rẹ̀ jẹ́ sí Coy, torí òun ló gba oko náà lọ́wọ́ wọn tó ń gbin ẹ̀wà sóyà sí i. Nígbà tí Ardith bi í lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú bóyá ó rí àjèjì kankan lóko, Coy họ orí.

"Àjèjì kẹ̀, mà? Rárá o. Àfi onítírélà yẹn."

"Onítírélà wo?"

"Ọ̀kan tó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri erùpẹ̀ tí wọ́n mọ dí omi odò. Ọ̀sán-ọ̀sán ló máa ń dé, á jẹun, á wá wọnú oko díẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ tọ̀ ni, mo bá gbójú kúrò."

"O rí i tó ń wọnú oko mi, o sì gbójú kúrò?"

"Mà, ẹ má bínú. Ọkùnrin tó fẹ́ tọ̀, ibo lẹ fẹ́ kí n wò?"

Ardith kò sọ fún Delmer. Ó dé fìlà onígbòòrò rẹ̀, ó ń lọ sóko lójoojúmọ́ bí oòrùn bá ti kan àtàrí, á jókòó sábẹ́ igi wílò etídò. Nígbà tí sùúrù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọkọ̀ ńlá kan rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri erùpẹ̀, ó dúró. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó sanra, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó di irun rẹ̀ tó ti ń funfun pọ̀ sẹ́yìn ọrùn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran tó wé sínú bébà, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó rìn wọnú poro, kò sì tọ̀. Ó fi ọwọ́ bọ àpò, ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbé nǹkan kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin.

Ardith jáde lábẹ́ igi.

"Ìwọ yẹn! Kí lo gbé sílẹ̀ níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà ta gìrì. Ó wo obìnrin náà, ó wo ilẹ̀, ó tún wo ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò bí ó ti jìnnà tó.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Orí ọfà ni."

"Mo mọ̀ pé orí ọfà ni! Mo ti rí ti ìgò, mo ti rí ti àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ti bá ọkọ mi jà nítorí ẹ. Kí ló dé tó o ń gbé e sínú oko mi?"

"Oko yín ni?"

"Oko wa ni. Bàbá ọkọ mi ló rà á."

"Mo gbọ́, mà," ni ọkùnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn. "Èmi náà gbọ́ pé tiwa ni tẹ́lẹ̀."

Ardith súnmọ́ ọn. Ó wo ojú ọkùnrin náà dáadáa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣa ọfà, àwọn ará ìgbàanì ló máa ń pè wọ́n, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn òkú tí kò fi ọmọ sáyé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé àwọn ará ìgbàanì ṣì ń wa tírélà.

"Ṣé Quapaw ni ẹ́, ẹ̀yà tó gbé etídò yìí rí?" ló bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lyndon lorúkọ mi. Oklahoma là ń gbé báyìí. Ibẹ̀ ni ìjọba kó wa lọ láyé àtijọ́. Kì í ṣe èmi fúnra mi o, mi ò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ó fẹ́ kí obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó hàn lójú rẹ̀. Ardith náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ó yẹ.

"Ta ló rán ẹ? Ṣé àwọn àgbà yín ni? Ṣé ètùtù ni?"

"Ètùtù kẹ̀! Kò sẹ́ni tó rán mi. Ìyàwó mi tiẹ̀ ní orí mi ò pé." Lyndon gbé fìlà rẹ̀ sókè, ó họ irun. "Ẹ̀wà sóyà ni mò ń kó. Nígbà tí wọ́n gbé mi sọ́nà yìí, mo dúró jẹun, mo sì rí ọ̀kan nílẹ̀, ojúlówó, ó ti kán. Mo mú un. Mo fẹ́ fi sápò, ọwọ́ mi kọ̀. Mo fẹ́ fi sílẹ̀, ọwọ́ mi tún kọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí yín lọ́ọ̀ọ́kán, tẹ́ ẹ̀ ń rìn, tẹ́ ẹ̀ ń ṣa nǹkan. Mo ní, ha, màmá yìí máa kó oko yìí tán! Mo dá ti ọwọ́ mi padà. Mo wá mú èyí tí mo fúnra mi gbẹ́, mo jù ú tì í. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe. Àmọ́ nígbà tí mo tún máa fi kọjá, mi ò lè lọ láìju ọ̀kan."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀, mà. Tí ẹ bá mọ̀, ẹ sọ fún mi, kí n lè sọ fún ìyàwó mi."

"Ìgò ńkọ́? Kí ló dé tí o kò fi òkúta ṣe é?"

"Tí mo bá fi òkúta ṣe é, ẹ̀ ẹ́ rò pé ti àtijọ́ ni. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Ìgò kì í parọ́."

Ìbéèrè tó ti ń gbé Ardith lọ́kàn wá jáde, ó sì ń bẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀. "Láti ìgbà wo lo ti ń gbà á kọjá?"

"Lẹ́yìn ìkórè ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé mi síbí."

Ìkórè ọdún tó kọjá. Kò sí èyí tó wà nínú àpótí tí kò pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ti ọjọ́ ikú ìyá rẹ̀, ti ọjọ́ omíyalé, ojúlówó ni gbogbo wọn. Ardith mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ sọ́yà. Ṣùgbọ́n kí ó tó mí èémí náà tán ni nǹkan mìíràn ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Láti ìjọ́sí, ẹ̀rù tó ń bà á ni pé bóyá wọn kì í ṣe ojúlówó. Nísinsìnyí, wọ́n jẹ́ ojúlówó, ọmọ onílé sì ló dúró níwájú rẹ̀ yìí, tó ń fi èékánná yọ ẹran láàárín eyín, tí kò béèrè ohunkóhun.

Ohun tó sì wá sí i lẹ́nu ni, "Búrẹ́dì yẹn kò lè yó ẹ. Wá sílé wá jẹun."

Delmer kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tán tó ti fò dìde. "Ìwọ lo ṣe aláwọ̀ ewé yẹn? Ìwọ? Jókòó! Ardith, gbé àga wá fún un. Ṣé bàbà lo fi tẹ̀ ẹ́ àbí ìwo?"

"Ìwo ni, bàbá. Bàbà máa ń yọ̀ lórí ìgò."

"Irọ́ ni! Bàbà kì í yọ̀, ọwọ́ ló ń yọ̀."

"Ẹ gbé ìgò kan wá, ká jọ wò ó."

Báyìí ni wọ́n ṣe jókòó sábẹ́ igi pékáànì tí wọ́n ń jiyàn bí ọmọ ìyá, èérún ìgò ń já bọ́ láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ardith ń gbọ́ wọn láti ilé ìdáná bó ṣe ń gbé ẹ̀wà ka iná. Inú bí i díẹ̀. Ọ̀ràn tó ti da orí òun rú, àwọn ọkùnrin méjì yìí ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ bàbà àti ìwo.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó mú Lyndon wọ pálọ̀. Ó ti múra sílẹ̀ de ìbínú. Ó ti múra sílẹ̀ de ẹkún pàápàá. Lyndon dúró síwájú àwọn àpótí, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún pé kó má fọwọ́ kan nǹkan, ó ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì.

"Ta ló ń nu gíláàsì yìí?" ló bi í.

"Èmi ni."

"Ó mọ́ dáadáa."

Ardith dúró dè é kó fi kún un. Ara Ardith kò gbà á mọ́.

"Ṣé kí n dá wọn padà?"

"Fún ta, mà?"

"Fún yín."

"Tírélà ni mò ń wà. Ọ́fíìsì kan wà lọ́dọ̀ wa ní Oklahoma tó ń bójú tó irú nǹkan báyìí, mo lè fún yín ní nọ́ńbà wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń bi èmi..."

"Ìwọ ni mò ń bi."

Lyndon wo àpótí náà pẹ́. "Nígbà míì tí mo bá rí wọn lára ògiri àwọn èèyàn, inú á bí mi. Lónìí, ẹ̀wà yín dùn, ọkọ yín ń dápàárá, inú kò sì bí mi, ìyẹn wá ń bí mi nínú. Mi ò mọ̀, mà."

"Jẹ́ kó mú ọ̀kan," ni Delmer wí láti ẹnu ọ̀nà. "Èyí tó bá wù ú."

Ardith ṣí àpótí. Ó ti mọ èyí tí yóò mú: gígùn funfun àárín, tí gbogbo àlejò máa ń na ìka sí. Ó ti gbà á lọ́kàn rẹ̀, ó ti ń dárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Lyndon rékọjá rẹ̀, ó lọ sí igun ìsàlẹ̀, ó mú kékeré eléèérí kan tí ìdí rẹ̀ ti kán dànù, èyí tí Ardith kò tiẹ̀ rántí ọjọ́ tó rí i.

"Èyí kẹ̀? Kí ló dé tó jẹ́ èyí?"

"Ó dà bíi pé ẹni tó ń gbẹ́ ẹ bínú sọ ọ́ nù," ni Lyndon wí. Ó fi sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó de bọ́tìnnì rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," Ardith sì ní, "Kò tọ́pẹ́," lẹ́yìn náà ló wá ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ẹnu òun ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde.

Ní ti Delmer, ọ̀rọ̀ ti parí. A ti mọ ẹni tó ṣe é, kì í ṣe òun, ó sì ti rí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jiyàn. Bí tírélà náà bá ti fọn fèrè lójú ọ̀nà, á ti máa to ìgò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Ardith kò parí. Ó gba nọ́ńbà ọ́fíìsì náà lọ́wọ́ Lyndon, ó sì pè é fúnra rẹ̀. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dára, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀ láìjá lù ú, ó wá bi í pé, "Kí lẹ wá fẹ́ ṣe, mà?" Ardith di fóònù mú. Ó wo ògiri. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná," obìnrin náà sì ní kò burú, kó pe àwọn nígbàkúùgbà. Ó ṣì ń rò ó títí ilẹ̀ fi gbóná.

Nígbà tí àkókò ìgbìn tó, Coy gbé katakata sóko. Òjò ti kọ́kọ́ fọ ilẹ̀ náà lóru, Ardith sì ti jáde ṣáájú rẹ̀. Ní àárín oko gan-an ló ti rí i: orí ọfà pupa rúsúrúsú, gígùn, tó pé láti orí dé ìdí, kò ní àpá kankan. Kì í ṣe ìgò. Kì í ṣe àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tó ti ń rìn, kò rí èyí tó dára tó o rí. Ó lóṣòó tì í. Ó na ọwọ́, ó fà á padà. Bó bá mú un, á di ti ògiri. Bó bá fi sílẹ̀, irin katakata tó ń bọ̀ yìí á fọ́ ọ. Ó tún na ọwọ́. Ìró ẹ́ńjìnnì ń súnmọ́ ọn, kò sì dìde.

Coy tẹ bíréèkì, ó yọrí jáde.

"Mà! Ṣé kò sí o? Ṣé ẹ rí nǹkan ni?"

"Mo rí nǹkan."

"Ẹ ò ní mú un?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Coy wò ó, ó wo ilẹ̀, ó wo gígùn oko tó ṣì kù níwájú rẹ̀. "Kí ni kí n wá ṣe, mà?"

"Yà fún mi ná, Coy."

Coy kùn díẹ̀ lábẹ́ ẹnu, ó ṣẹ́ ọwọ́ katakata, ó yà. Ẹ̀rọ ìgbìn tó ń wọ́ tẹ̀ lé e náà yà. Nígbà tí ẹ̀wà sóyà hù, tí oko di ewé, gbogbo poro rẹ̀ ló gún régé bí okùn tí wọ́n fà, àfi ní àárín, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ẹni yẹra fún nǹkan. Ojú ọ̀nà lèèyàn ti ń rí i. Bí wọ́n bá bi Coy, á ní ọwọ́ òun ló yọ̀. Bí wọ́n bá bi Ardith, á ní kí wọ́n lọ bi Coy.